Ọkàn mi ti kúrò níbi iṣẹ́ kí ẹsẹ̀ mi tó kúrò

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà wá sọ tiyín.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ìṣirò owó níléeṣẹ́ kan níbí. Àwa márùn-ún la wà ní yàrá wa, èmi nìkan lobìnrin. Bí ìpàdé bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ bá wa pín mínírà yìí." Kí n tó pín in kárí, wọ́n ti sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Èmi náà ni n ó tún kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé, nítorí wọ́n ní ọwọ́ obìnrin ló mọ́ jù.

Nígbà tí mo bímọ, mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ 12 tí òfin iṣẹ́ Nàìjíríà là sílẹ̀. Òfin yẹn kan náà ní kí ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú máa rí ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi. Ilé ìtọ̀ ni mo ti ń fún ọmú dànù, tí omijé á sì máa bọ́ lójú mi.

Tẹ́lẹ̀, bí náírà kan bá sọnù nínú ìṣirò, n kì í relé àfi tí mo bá rí i. Lọ́jọ́ kan, mo rí i pé wọ́n ti sanwó fún oníbàárà kan lẹ́ẹ̀mejì. Mo kàn pa ìwé dé. Ẹ̀rù ara mi bà mí lọ́jọ́ náà.

Bàbá Àdùkẹ́, Ìkòròdú
Ẹ kú àmúmọ́ra, mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ọkùnrin, níléewòsàn aládàáni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyàwó mi kó tó bí, mo tọrọ ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo bímọ ni?" Láti 2014 nìjọba Èkó ti ń fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí ìyàwó wọn bímọ ní ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 10, ṣùgbọ́n kò kan àwa. Mo lọ síbi iṣẹ́ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wọn ẹ̀jẹ̀ ríru aláìsàn kan kí n tó lè rántí iye tó jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́
Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ni mò ń bójú tó níbi iṣẹ́ mi. Ní 1990, William Kahn, onímọ̀ kan tó ń ṣèwádìí nípa ìhùwàsí òṣìṣẹ́, kọ ọ́ pé kí èèyàn tó lè fi tọkàntara ṣiṣẹ́, iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ ní láárí lójú rẹ̀, ọkàn rẹ̀ gbọ́dọ̀ balẹ̀ láti sọ tinú rẹ̀, okun sì gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù lára rẹ̀. Ìyá Ìbejì, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ padà sọ ti owó yẹn?

Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn
Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí ọ̀gá wọlé, ọkùnrin tó jókòó tì mí ni ọ̀gá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Oṣù yẹn kò tíì parí tí mo fi kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.