Nàìjíríà ní sátẹ́láìtì tirẹ̀: kí ló dé tí òwò rẹ̀ kò tíì gbilẹ̀?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú ìjókòó o. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2007 ni wọ́n gbé NigComSat-1, sátẹ́láìtì ìbánisọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọba Nàìjíríà rà, lọ sójú ọ̀run láti Xichang ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà. NigComSat-1R tí ó rọ́pò rẹ̀ ti wà lókè láti oṣù Kejìlá ọdún 2011, ó sì ní ẹ̀rọ agbàránṣẹ́ 28 nínú, èyí tí ń gba ìró láti ilẹ̀ tí ó sì ń rán an padà sílẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo ń wo òrùlé láti Òrù dé Àwà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo díìṣì tí mo rí ló kọjú sí sátẹ́láìtì ẹlòmíràn. Kí ni àwọn orílẹ̀-èdè tí òwò yìí gbà lọ́wọ́ ṣe tí àwa kò ṣe? Ṣé nítorí pé a kò fi ọwọ́ ara wa kọ́ ọ ni?

Ẹnjiníà Afẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ọmọ mi, o ṣeun tí o béèrè. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tí o fi parí ọ̀rọ̀ kúrò lọ́nà. Ọwọ́ ilé-iṣẹ́ Hughes ti Amẹ́ríkà ni Indonéṣíà ti ra Palapa A1, Amẹ́ríkà náà ló sì bá wọn gbé e lọ sókè ní oṣù Keje ọdún 1976. Kánádà pàápàá, tí Anik A1 rẹ̀ ti wà lókè fún ìlò abẹ́lé láti ọdún 1972, ọwọ́ Hughes kan náà ló ti rà á. Rírà kò pa wọ́n lára. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni kí o wò: kí ọdún kan tó pé, Indonéṣíà ti gbé Palapa A2 sókè, tí ó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá dákú, èkejì yóò gba iṣẹ́ rẹ̀ ṣe. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún erékùṣù ni ilẹ̀ wọn, kò rọrùn láti fa okùn tẹlifóònù láàárín wọn, nítorí náà oníbàárà ti ń dúró kí ọjà tó dé.

Ní tiwa, ìgbà tí àwo ńlá (díìṣì) Lánlátẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàràpá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àyè orí sátẹ́láìtì Intelsat, àjọ tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè jọ ní, ni a ń yá lò láti bá òkè òkun sọ̀rọ̀. Nígbà tí a wá ní tiwa, ọ̀kan ṣoṣo ni. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2008, pátákó sólà rẹ̀ kọṣẹ́, iná rẹ̀ tán, wọ́n sì ní láti tì í kúrò lójú ọ̀nà kí ó má baà di ewu fún àwọn yòókù. Kò ju oṣù méjìdínlógún lọ tí ó lò lókè. Owó ìdójútòfò ni wọ́n fi kọ́ èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, ìyẹn dára, ṣùgbọ́n owó ìdójútòfò kò lè ra ọdún mẹ́ta tí ó wà láàárín padà. Kò sí ilé ìfowópamọ́ tí yóò sọ fún oníbàárà rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó pé kí ó lọ, kí ó padà wá ní ọdún 2011. Láàárín ìgbà yẹn náà ni okùn abẹ́ òkun MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 2010, ó bá SAT-3, okùn abẹ́ òkun tí ó ṣáájú rẹ̀, níbẹ̀, ohun tí okùn sì ń gbé pọ̀ ju ti sátẹ́láìtì lọ ní owó tí ó kéré. Àwọn ìlú ńlá tí owó wà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ báyẹn.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ṣírò fún NigComSat-1R. Kà á láti ọdún 2011, kí o wò ó bóyá a ti kọ́gbọ́n.

Agbé-díìṣì Ṣágámù:
Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Mo gba ohun gbogbo tí ẹ sọ, àfi pé ẹ fi ọ̀rọ̀ orí òrùlé sílẹ̀. Ìwọ̀n (digirì) 42.5 sí ìlà-oòrùn lójú ọ̀run ni NigComSat-1R wà, nígbà tí sátẹ́láìtì Eutelsat tí DStv ń lò wà ní ìwọ̀n 36. Díìṣì tí a bá ti so mọ́ ọ̀kan kò lè rí èkejì, àfi kí a gun òrùlé lọ tún un so tàbí kí a fi LNB mìíràn, ẹ̀rọ kékeré tí ń gba ìró níwájú díìṣì, kún un. Ta ni yóò sanwó ìgùnlé yẹn? Bí ìkànnì tí àwọn ènìyàn fẹ́ wò kò bá sí lórí 42.5, kò sí onílé tí yóò pè mí. Bí díìṣì kò bá sì kọjú sí 42.5, kò sí oníkànnì tí yóò yá àyè níbẹ̀. Mo so méjèèjì pọ̀ fún Alhaji kan ní Màkún nígbà kan, ìyàwó rẹ̀ ní kí n tú ọ̀kan kúrò nítorí pé ó ba ẹwà ilé jẹ́.

Ìyá Kafé, Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú àlàyé. Èmi ti lo VSAT, díìṣì tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì láti orí sátẹ́láìtì, ní kafé íntánẹ́ẹ̀tì mi kí fóònù tó gba ọjà náà. Dọ́là ni ilé-iṣẹ́ tí ó ń tà á fún mi fi ń ka owó oṣù, náírà sì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń san owó wákàtí, nítorí náà bí dọ́là bá ti gòkè, inú àpò mi ni ìyàtọ̀ náà ti ń jáde. Bí òjò bá sì ṣú, gbogbo rẹ̀ a kú pátápátá. Láti ọdún 2023 tí Starlink, íntánẹ́ẹ̀tì orí sátẹ́láìtì ti ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, ti wọlé, aládùúgbò mi kan ti rà á. Ohun tí ó ń dùn mí ni pé, nínú gbogbo ọdún tí mo fi ṣòwò yẹn, kò sí alágbàtà kan tí ó wá sọ fún mi pé ti Nàìjíríà wà, kí n wá fi náírà rà á.

Ẹnjiníà Afẹ̀yìntì, Ìjẹ̀bú-Òde:
Ìyá Kafé, òótọ́ lẹ sọ, ẹni tí yóò tà á gan-an ló ṣòro láti rí. Ní ti òjò, kò mọ ta ló ni sátẹ́láìtì. Nínú ẹ̀rọ 28 yẹn, mẹ́rin péré ló wà lórí C-band, ìgbì rédíò tí òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ dà láàmú, 14 sì wà lórí Ku-band, èyí tí òjò máa ń dà láàmú. Ti Starlink kò ju nǹkan bí kìlómítà 550 lọ sí ilẹ̀, tiwa wà ní kìlómítà 35,786, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi máa ń pẹ́ kí ó tó dé. Ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kò bìkítà fún ìpẹ́ yẹn. Ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí a ti gbájú mọ́.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgọ́-Ìwòyè:
Ẹ ṣeun gan-an. Ní Sátidé, èmi àti ọ̀rẹ́ mi yóò ka díìṣì òpópónà kan ní Òrù, láti mọ iye tí ó kọjú sí 42.5. Ẹ̀gbọ́n Agbé-díìṣì, ṣé kọ́ńpáàsì orí fóònù tó fún un?

Agbé-díìṣì Ṣágámù:
Rárá o, àbúrò. Láti ọ̀dọ̀ wa, ìlà-oòrùn ni díìṣì NigComSat àti ti DStv jọ kọjú sí, pẹ̀lú ìyípo díẹ̀ sí gúúsù. Kọ́ńpáàsì kò ní fi ìyàtọ̀ wọn hàn yín. Ìgbékè ojú díìṣì, ìyẹn bí ó ṣe gbójú sókè tó, ni kí ẹ wò, ní ara irin tí ó dì í mú lẹ́yìn: nǹkan bí ìwọ̀n 45 ni ti NigComSat, nǹkan bí 52 ni ti DStv. Kí ẹ sì tọrọ ààyè lọ́wọ́ onílé kí ẹ tó gbé àkàbà ti ògiri rẹ̀.