Ìhà wo lẹ máa ń jókòó sí nínú bàálù tẹ́ ẹ bá ń kọjá Òkun Àtìláńtíìkì?

Onífèrèsé:
Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni tèmi láéláé, ṣùgbọ́n fèrèsé ju fèrèsé lọ. Ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ wò ni ibi tí bàálù dorí kọ àti àkókò tó máa gbéra. Tí mo bá ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Amẹ́ríkà lọ́sàn-án, ọwọ́ ọ̀tún ni mo ń mú. Ìwọ̀-oòrùn là ń lọ, àríwá á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, oòrùn á sì máa ta àwọn tó wà lápá òsì lójú. Kí oúnjẹ tó dé, ọ̀pọ̀ wọn á ti fa fèrèsé wálẹ̀.

Àríwá yẹn sì ni nǹkan wà. Nítorí pé ayé rí roboto, ọ̀nà tó kúrú jù láàárín Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń tẹ̀ sókè lọ sí àríwá. Ẹni tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù lọ sí Los Angeles tàbí San Francisco sábà máa ń kọjá lórí Greenland gan-an, erékùṣù ńlá oníyìnyín tó wà ní àríwá. Ti New York máa ń gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó sì lè jìnnà débi pé ẹ ò ní rí nǹkan kan.

Ọjọ́ tí mo rí i, ìkùukùu kàn já lójijì ni. Àwọn òkè dúdú ṣóńṣó-ṣóńṣó yọ orí láàárín yìnyín. Yìnyín ńlá kan wọ́ gba àárín òkè méjì sọ̀ kalẹ̀, ilà dúdú gbọọrọ wà lára rẹ̀, ó sì lọ já sínú omi tó dúdú bíi aró. Wẹ́wẹ́ yìnyín ló kún ojú omi náà, èyí tó kéré jù nínú wọn á sì tóbi ju ilé lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, funfun ni, funfun ṣáá: nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún erékùṣù yẹn ni yìnyín bò. Àwọn tó wà nítòsí mi ń wo fíìmù. Ó yà mí lẹ́nu.

Ìhà tí oòrùn ò sí yìí náà lẹ ti lè rí òjìji bàálù lórí ìkùukùu, tí òṣùmàrè róbótó yí i ká. Iwájú ìyẹ́ ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ̀yìn pátápátá náà ò burú, àmọ́ ooru tó ń jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì máa ń mú kí ohun tí èèyàn ń wò máa gbọ̀n, fọ́tò ò sì ní mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí Greenland fún yín ṣá o. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń la ọ̀nà tuntun sójú òfuurufú òkun yẹn, kí àwọn tó ń lọ sí ìwọ̀-oòrùn lè yẹra fún ẹ̀fúùfù líle òkè, kí àwọn tó ń bọ̀ sì lè jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ kú àlàyé o. Tèmi, ti ìrìn àbọ̀ ni. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ bàálù tó ń ti Amẹ́ríkà bọ̀ ní Yúróòpù máa ń gbéra, làwọn èèyàn bá ń sọ pé fèrèsé ò wúlò nígbà yẹn. Irọ́ ni! Ọwọ́ òsì ni kẹ́ ẹ mú, àríwá ti bọ́ síbẹ̀. Nígbà òtútù kan, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo orí mọ́ fèrèsé kí iná inú bàálù má bàa dí mi lọ́wọ́, ni mo bá rí aurora, ìmọ́lẹ̀ tó máa ń tàn lójú ọ̀run àríwá lálẹ́: ó ń nà, ó ń ká, ó tún pòórá. Eérú-eérú ló rí lójú mi, àmọ́ nínú fọ́tò, ó tutù yọ̀yọ̀ bí ewé. Tó bá jẹ́ oṣù kẹfà ni, ilẹ̀ kì í ṣú tán lápá yẹn.

Àwọn bàálù Boeing 787 ni mo ní ẹ̀sùn sí. Fèrèsé wọn tóbi dáadáa, àmọ́ kò ní ohun tí èèyàn lè fà sókè, bọ́tìnnì ni. Àwọn òṣìṣẹ́ lè sọ gbogbo rẹ̀ di dúdú lẹ́ẹ̀kan náà. Mo bẹ ọ̀kan nínú wọn títí, kò gbà.

Alárìnká:
Ìyá wa, ẹ ṣeun, àmọ́ mi ò ní bá yín mú òsì yẹn tó bá jẹ́ Heathrow, pápákọ̀ òfuurufú Lọ́ńdọ̀nù, là ń lọ. Ìwọ̀-oòrùn ni atẹ́gùn ti sábà máa ń fẹ́ níbẹ̀, nítorí náà láti ìlà-oòrùn ni bàálù sábà máa ń gbà balẹ̀, àárín Lọ́ńdọ̀nù á sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún: odò Thames, àwọn afárá, gbogbo rẹ̀. Aurora ò dájú, Thames ò kúrò níbì kan. Ti Newark, pápákọ̀ òfuurufú tó wà nítòsí New York, tí bàálù bá ti àríwá sọ̀ kalẹ̀, òsì ni Manhattan, àárín ìlú New York, wà. Tó bá ti gúúsù wá, ọ̀tún ni.

Ẹ sì wo àwòrán ìjókòó kẹ́ ẹ tó sanwó. Ìlà mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní ti fèrèsé, ògiri lásán ló wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ tètè bèèrè bóyá àyè ṣì wà níbòmíì kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.