Georgetown: ọdún wo gan-an ló bẹ̀rẹ̀, owó ta ni wọ́n sì fi gbé e dúró?

Tísà Àdìó:
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo ń to ìtàn Yunifásítì Georgetown tó wà ní Washington sójú ìwé kan fún kíláàsì ìtàn, ṣùgbọ́n ọdún tí àwọn ìwé ń dá kò bára mu. Ọ̀kan ní 1788, òmíràn ní 1789, ẹlòmíràn ní 1792, àwọn kan tún ní 1815. Ẹ̀ẹ̀kejì, wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ti Kátólíìkì ni, wọ́n tún ní Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà, ló fún un níwèé àṣẹ. Ṣé ti ìjọba ni àbí ti ìjọ? Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ àwọn ẹrú 272 tí wọ́n tà ní 1838 yẹn: ṣé lóòótọ́ ni wọ́n fi owó wọn kọ́ ilé-ìwé náà? Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dénú kó jọ̀ọ́ là á yé wa.

Akọ̀wé Àgbà:
Tísà, ẹ kú iṣẹ́. Nínú ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́. Ohun tí oníkálukú ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ ló yàtọ̀.

1788 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n wá ń pè ní Old South (wọ́n wó o ní 1904). Ọjọ́ 23 oṣù Kìíní ọdún 1789 ló wà lórí ìwé ilẹ̀, nígbà tí John Carroll àti àwọn fáàdá méjì ra nǹkan bí éékà kan àbọ̀ lórí òkè tó wà lẹ́bàá odò Potomac, ní pọ́n-ùn 75. Ọjọ́ ìwé ilẹ̀ yìí ni ilé-ìwé náà fúnra rẹ̀ mú ní ọjọ́ ìbí. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1791, akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ dé: William Gaston, ọmọ ọdún 13 láti North Carolina. Oṣù Kìíní 1792 ni ẹ̀kọ́ wá bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu. Bí ẹ bá fẹ́ ọdún kan ṣoṣo, ẹ kọ 1789, kí ẹ sì sọ pé ọdún ìwé ilẹ̀ ni.

Ti 1815, ìwé àṣẹ láti fi oyè fúnni ni. Ààrẹ James Madison fọwọ́ sí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta. Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì kò fún wọn lówó, kò sì yan ẹnikẹ́ni sínú ìgbìmọ̀ wọn. Ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n lọ ni pé agbègbè Washington kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ń ṣòfin fún un. Ká ní ilẹ̀ yẹn ṣì wà lábẹ́ Maryland ni, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin Maryland ni wọn ì bá gbé ẹ̀bẹ̀ wọn lọ. Ẹ wá wo ẹni tó gbé ẹ̀bẹ̀ náà wọ ilé ìgbìmọ̀: William Gaston yẹn kan náà, tó ti di aṣojú North Carolina nígbà náà. Oyè àkọ́kọ́ jáde ní 1817. Ní 1833, Róòmù náà fún wọn láṣẹ láti máa fi oyè fúnni nínú ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n orí àti ti ẹ̀kọ́ Ọlọ́run. Ìyẹn ni pé àṣẹ méjì ló wà lórí ilé-ìwé kan, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìjọ. 1844 ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tó sọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà di ẹgbẹ́ tó lè ní dúkìá lórúkọ ara rẹ̀ lábẹ́ òfin.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbé e gbà lódì rèé: wọ́n á kọ ọ́ pé “àwọn Jésúìtì ló dá a sílẹ̀ ní 1789.” Ní 1789, kò sí ẹgbẹ́ Jésúìtì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn fáàdá Kátólíìkì kan, ní Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin ìjọ. Póòpù Clement Kẹrìnlá ti tú ẹgbẹ́ náà ká ní 1773. Jésúìtì àná ni Carroll àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. 1805 ni wọ́n tó dá ẹgbẹ́ náà padà ní Amẹ́ríkà, ẹ̀yìn ìyẹn ni ilé-ìwé sì tó bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ní gbogbo ayé yòókù, ó di 1814 kí wọ́n tó dá a padà. Nítorí náà, ẹ kọ “John Carroll”, ẹ sì fi kún un pé òun ni bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, ti Baltimore; ọdún 1789 yẹn náà ni Róòmù yàn án.

Gbénga_Òǹkàwé:
Ẹrú 272 ni wọ́n tà fi kọ́ gbogbo ilé tó wà níbẹ̀. Kí ni a tún ń yẹ̀ wò níbẹ̀?

Ìyá Àgbà Ìwé:
Gbénga, rọra o. Títà wọ́n kì í ṣe àhesọ, ṣùgbọ́n “fi kọ́ gbogbo ilé” kò rí bẹ́ẹ̀, ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an sì burú tó láìfi àbùmọ́ kún un.

Orí owó ilé-ìwé ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀. Òfin àwọn Jésúìtì kò gbà wọ́n láàyè láti gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n lè gba owó oúnjẹ àti ibùsùn lọ́wọ́ ọmọ tó ń gbé nínú ọgbà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin yìí ló ti ilé-ìwé wọn kejì ní Washington pa ní 1827, nítorí ilé-ìwé tí ọmọ ń tilé lọ ni, kò sí owó oúnjẹ tí wọn ì bá gbà. 1833 ni Póòpù Gregory Kẹrìndínlógún tó yọ̀ǹda fún wọn pé kí wọ́n máa gbowó. Kó tó dìgbà náà, oko ńláńlá tí àwọn Jésúìtì ní ní Maryland, bíi White Marsh, St. Inigoes, Newtown àti St. Thomas Manor, ni ìgbẹ́kẹ̀lé wọn, àwọn ẹrú ló sì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Oko náà kì í fi bẹ́ẹ̀ mówó wọlé. Nígbà tí Thomas Mulledy wá di olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 1829, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, gbèsè sì gorí gbèsè. Ilé ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ta ẹnikẹ́ni ní 1838. Gbèsè tí ilé dá ni owó àwọn èèyàn náà san.

Ọjọ́ 19 oṣù Kẹfà ọdún 1838 ni wọ́n tọwọ́ bọ̀wé. Mulledy ti di olórí ẹkùn Jésúìtì Maryland nígbà náà. Àwọn tó rà ni Henry Johnson, tó ti ṣe gómìnà Louisiana rí, àti Jesse Batey. Iye rẹ̀ jẹ́ dọ́là 115,000. Dọ́là 25,000 ni wọ́n kọ́kọ́ san sílẹ̀, 17,000 nínú rẹ̀ sì bá gbèsè kọ́lẹ́ẹ̀jì lọ. Olórí àwọn Jésúìtì ní Róòmù, Jan Roothaan, ti là á lélẹ̀ kó tó gbà pé kí wọ́n tà: ẹ má ya ìdílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè máa ṣe ẹ̀sìn wọn níbi tí wọ́n bá lọ, ẹ má fi owó náà san gbèsè. Wọ́n ya ìdílé, owó sì bọ́ sínú gbèsè. Róòmù pe Mulledy ní 1839, wọ́n sì gba ipò olórí ẹkùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1845, òun náà ni wọ́n tún fi jẹ olórí Georgetown. Ẹ fi èyí sójú ìwé yín, Tísà. Àwọn tó ń sọ pé wọ́n jẹ ẹ́ níyà kì í sábà fi kún un.

Tísà Àdìó:
Ẹ ṣeun gan-an, Ìyá Àgbà. Àwọn ọmọ á béèrè báwo la ṣe mọ orúkọ wọn. Àti pé 272 yẹn, ṣé iye tó dé Louisiana nìyẹn?

Ìyá Àgbà Ìwé:
Rárá. 272 ni iye tó wà nínú ìwé àdéhùn. Kì í ṣe gbogbo wọn ló wọ ọkọ̀: àwọn kan sá, àwọn kan sì ku sẹ́yìn ní Maryland nítorí pé oko ẹlòmíràn ni ọkọ tàbí ìyàwó wọn wà. Ẹni tó bá ń wá ènìyàn kan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé ìwé mẹ́rin síwájú ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni ìwé àdéhùn oṣù Kẹfà. Orúkọ tó ṣáájú níbẹ̀ ni Isaac, ẹni ọdún 65. Ohun tó ń da èèyàn láàmú ni pé orúkọ àbísọ lásán ló pọ̀ jù níbẹ̀, kò sí ti ìdílé, ọjọ́ orí sì jẹ́ àfojúdá. Èkejì ni ìwé èrò ọkọ̀ ojú omi. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1807 ló pa á láṣẹ pé kí ọ̀gá ọkọ̀ tó bá ń kó ẹrú láti èbúté kan dé òmíràn kọ orúkọ, ọjọ́ orí, gíga àti àwọ̀ ara wọn sílẹ̀. Ti ọkọ̀ Katharine Jackson, tó gúnlẹ̀ sí New Orleans ní ìparí 1838, ṣì wà. Gíga yẹn ni ẹ ó fi mọ Mary kan yàtọ̀ sí Mary kejì. Ẹ̀kẹta ni ìwé ìrìbọmi àti ìgbéyàwó àwọn fáàdá, nítorí Kátólíìkì ni àwọn èèyàn náà: ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí orúkọ ìyá, bàbá àti olùgbàwí. Ẹ̀kẹrin ni ìkànìyàn 1870, èyí àkọ́kọ́ tó kọ orúkọ àti orúkọ ìdílé gbogbo àwọn tó ti dòmìnira. Hawkins, Butler, Queen, Mahoney àti Hill wà lára orúkọ ìdílé tí ẹ ó máa bá pàdé. Ẹ má ṣe torí pé sípẹ́lì yàtọ̀ kí ẹ fi ẹnì kan sílẹ̀. Bí akọ̀wé bá ṣe gbọ́ ọ ló ṣe kọ ọ́.

Ibi àpamọ́ ìwé tí yunifásítì náà gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2016, Georgetown Slavery Archive, ti ya àwòrán ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé yìí síbẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà:
Mo fẹ́ fi Patrick Healy kún un, nítorí àwọn ọmọ máa ń gbàgbé rẹ̀. Wọ́n bí i ní Georgia ní 1834. Ará Ireland ni bàbá rẹ̀, ẹrú ni ìyá rẹ̀, Mary Eliza. Nípa òfin ibẹ̀, ẹrú ni ọmọ náà nígbà tí wọ́n bí i. Ó di Jésúìtì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Leuven, ó sì ṣe olórí Georgetown láti 1874 sí 1882. Òun ló kọ́ ilé ńlá olórí ṣóńṣó tó wà nínú gbogbo fọ́tò ibẹ̀. 1877 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nígbà ayé rẹ̀, aláwọ̀ funfun ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Nítorí náà, tí ẹ bá kọ “olórí aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́”, ẹ ṣàlàyé pé àwa ìran ẹ̀yìn là ń pè é bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwé tó ń darí kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú nígbà náà.

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín Àríwá àti Gúúsù, náà ò ṣeé fò. Akẹ́kọ̀ọ́ 313 ló wà níbẹ̀ ní 1859, ó já sí 17 ní 1861. Apá Gúúsù ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó lọ jagun lọ. Ìdí rèé tí àwọ̀ ilé-ìwé fi jẹ́ búlúù àti eérú láti 1876: búlúù ni aṣọ ogun Àríwá, eérú ni ti Gúúsù.

Gbénga_Òǹkàwé:
Mo gbọ́, Ìyá Àgbà, ẹ ṣé. Ilé tí wọ́n fi sọrí Mulledy ńkọ́? Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń sanwó fún àwọn ọmọ-ọmọ wọn báyìí?

Ìyá Àgbà Ìwé:
Wọ́n yọ orúkọ Mulledy àti ti William McSherry, Jésúìtì tó bá a lọ́wọ́ sí títà náà, kúrò lára ilé méjì ní 2015. Ní oṣù Kẹrin 2017, wọ́n fi ọ̀kan sọrí Isaac Hawkins, Isaac tó ṣáájú nínú ìwé yẹn, wọ́n fi èkejì sọrí Anne Marie Becraft, obìnrin aláwọ̀ dúdú tó dá ilé-ìwé ọmọbìnrin sílẹ̀ ní Georgetown kó tó wọ ilé àwọn sísítà. Lọ́jọ́ yẹn, yunifásítì àti àwọn Jésúìtì tọrọ àforíjì ní gbangba. Bí ọmọ-ọmọ wọn bá fẹ́ wọlé, wọ́n máa ń kà á sí bí ọmọ ẹni tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń yẹ fọ́ọ̀mù wò. Kò túmọ̀ sí pé wọ́n á gbà á láìwo èsì ìdánwò, kò sì túmọ̀ sí ọ̀fẹ́.

Ní ti owó, mẹ́ta ló wà, àwọn èèyàn sì máa ń pò wọ́n pọ̀. Ní oṣù Kẹrin 2019, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dìbò pé kí oníkálukú máa san dọ́là 27.20 ní sáà kọ̀ọ̀kan. Yunifásítì kò gbé owó yẹn lé wọn lórí. Dípò rẹ̀, lọ́dún náà, ó ní òun á máa wá nǹkan bí dọ́là 400,000 lọ́dọọdún fún iṣẹ́ tó máa ṣe àwọn àrọ́mọdọ́mọ láǹfààní. Ẹ̀kẹta ni mílíọ̀nù 100 dọ́là tí ẹ ń gbọ́ nínú ìròyìn 2021: àwọn Jésúìtì ló ṣèlérí ìyẹn, kì í ṣe yunifásítì, àjọ ni wọ́n sì ń kó o fún, kì í ṣe ẹnì kọ̀ọ̀kan.