Bọ́dà dá wa padà, ìgbéyàwó Lomé sì ku ọjọ́ 9. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ o. Ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀, inú ń bí mi ni. Àbámẹ́ta tó kọjá la gbéra lọ sí Lomé fún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ àbúrò mi. Àwa márùn-ún nínú ọkọ̀ wa, aago 4 ìdájí la kúrò nílé. A dé bọ́dà (n kò ní sọ èwo), wọ́n dá wa dúró láti aago 7 títí di aago 1 ọ̀sán. Wákàtí 6! Oòrùn fẹ́ẹ̀ pa àwọn ìbejì mi. Mọ́ínmọ́ín kúlà méjì tí mo fi òru sè, ó kan pátápátá. Léèsì aṣọ ẹbí aláwọ̀ ewé, inú bọ́ọ̀tù ló wà tí a fi padà sílé. Ọkọ mi ò tiẹ̀ gbèjà mi, ẹ̀rín ló ń rín sí wọn: "Ọ̀gá, ẹ ṣàánú wa." Ohun tó dùn mí jù ni pé àwọn tó wọ mọ́tò akérò ń kọjá lọ lójú wa, wọn ò lò tó ogójì ìṣẹ́jú. Ṣebí ECOWAS ni gbogbo wa? Mo fẹ́ kí a gbéra ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀ kí n lè bá wọn dáná. Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdí-Ìrókò, ìlà èwo ló yá jù?

Bàbá Dírẹ́bà: Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́. Mo ka mọ́ínmọ́ín, mo ka léèsì, n kò rí ìwé kankan kà. Nínú ẹ̀yin márùn-ún, ta ló ní pásípọ́ọ̀tù tí kò tíì kú? Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ọkọ̀? Ta ló ní yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú? Ẹ dáhùn mẹ́ta yìí ná.

Alájàpá Máìlì 2: Ẹ gba Ìdí-Ìrókò. Láti Ọ̀kọ́kọ́, ẹ yà ní Àgbárá, ẹ já sí Àtàn, ẹ kọjá Òwódé. Ní ọdún tí èmi àti ìyá ọkọ mi...

Bàbá Dírẹ́bà: Alájàpá, ìtàn ìyá ọkọ ò gbé ẹnikẹ́ni dé Lomé. Ìdí-Ìrókò yóò gbé wọn já sí Ìgólò, kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), kí wọ́n tó wá kọrí sí Kútọnu. Ẹni tó ń gbé Ọ̀kọ́kọ́, tó ń lọ Lomé, ọ̀nà Àgbádárìgì ló tọ́ sí i. Ìlà kúkúrú ní Ìdí-Ìrókò kò lè sọ ìwé tí kò pé di pípé.

Alájàpá Máìlì 2: Mi ò bá yín jà o. Mo kàn sọ pé èrò ibẹ̀ kò pọ̀ tó ti Sẹ̀mẹ̀ ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tí mọ́tò akérò fi ń yá. Èrò inú rẹ̀ kì í jókòó dè é. Wọ́n á sọ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn lọ síbi wíńdò imigiréṣọ̀n, dírẹ́bà á pàdé wọn lápá kejì. Mọ́tò náà fúnra rẹ̀, ojoojúmọ́ ló ń kọjá, ìwé rẹ̀ ti pé lọ́wọ́. Ẹni tó gbé ọkọ̀ ara rẹ̀ wá ló ní ìlà méjì láti tò: ìlà ènìyàn àti ìlà ọkọ̀. Tí gbogbo yín bá jókòó sínú ọkọ̀ pé kí wọ́n wá bá yín, ọ̀sán á pọ́n lé yín lórí.

Láti 2018 tí wọ́n ti ṣí ilé bọ́dà alájùmọ̀lò ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, òṣìṣẹ́ Nàìjíríà àti ti Benin jọ wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹ ó gba òǹtẹ̀ ìjáde, ẹ ó gba òǹtẹ̀ ìwọlé, àwọn elétò ìlera á wo yẹ́lò káàdì. Kí ẹni tó ń wakọ̀ gba òǹtẹ̀ tirẹ̀ ṣáájú, kó wá lọ sọ́dọ̀ aṣọ́bodè Benin gba ìwé àṣẹ ìwọlé ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ tí wọ́n ń pè ní laissez-passer. Ọjọ́ tí ìwé yẹn máa kú wà lára rẹ̀. Ẹ kà á kí ẹ tó kúrò lójú wíńdò, torí tí ọjọ́ bá ti lé, ìtanràn lẹ ó fi jáde.

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Ẹ ṣé, Ọmọ Àjàṣẹ́. Pásípọ́ọ̀tù ọkọ mi ṣì dára. Tèmi ti kú láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n mo ní NIN, mo sì fi káàdì ìdìbò mi hàn wọ́n. Kí ni wọ́n tún fẹ́? Ọmọ Nàìjíríà ni mí, ó hàn lójú mi.

Akọ̀wé Kóòtù: Àdéhùn 1979 ló ní kí ọmọ ECOWAS wọ ilẹ̀ ara wọn fún ọjọ́ 90 láìgba físà. Àdéhùn yẹn kan náà ló ní kí ẹ mú ìwé ìrìnnà tó ṣì wà láàyè dání pẹ̀lú ìwé abẹ́rẹ́. Físà ni wọ́n yọ, wọn ò yọ ìwé. Nọ́ḿbà NIN ń sọ ẹni tí ẹ jẹ́ nílé ni, kò sí ojú ewé tí wọ́n máa lu òǹtẹ̀ sí. Káàdì ìdìbò, kí ẹ fi dìbò ni.

Bàbá Dírẹ́bà: Ọjọ́ 9 kéré fún pásípọ́ọ̀tù tuntun. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì Imigiréṣọ̀n lónìí kí ẹ béèrè ECOWAS Travel Certificate. Ìwé pẹlẹbẹ kékeré kan ni, ọdún 2 ló ń lò, ilẹ̀ ECOWAS nìkan ló sì ń bá a ṣiṣẹ́. Ẹ mú NIN dání, ìwé ìbí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tù. Àwọn ìbejì náà, tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ o! Ọmọ kì í wọ inú ìwé ìyá rẹ̀ mọ́. Ẹ mú ìwé ìbí àwọn méjèèjì lọ sí bọ́dà, ojúlówó pẹ̀lú fọ́tòkọ́pì. Ẹ ò tíì sọ ti ọkọ̀ àti yẹ́lò káàdì.

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Gbogbo wa la ní yẹ́lò káàdì. Ọmọkùnrin kan ní gáréèjì ló bá wa gbà á. Ọ̀gá kan ní bọ́dà wá ń yí tèmi síwá sẹ́yìn bíi pé mo jí i. Nígbà tí a délé, mo ní kí ìyà má jẹ wá, a lọ gba abẹ́rẹ́ gidi lọ́jọ́ Ajé, wọ́n sì fún wa ní tuntun. Ṣé ó tán?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyẹn ni pé káàdì tí ẹ kọ́kọ́ gbé lọ, ẹ ò gba abẹ́rẹ́ kankan? Ẹ ya á dànù, kí ẹ má ṣe mú un lọ mọ́ ti tuntun. Ẹ gbọ́ ìṣirò: abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kò ní agbára lórí ìwé àfi tó bá pé ọjọ́ 10. Ajé tí ẹ gbà á, ẹ ka 10 sí i, Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló bọ́ sí. Tí ẹ bá débẹ̀ ní Ọjọ́rú, ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa dá yín padà, ẹjọ́ yín ló sì máa jẹ́. Láti oṣù Keje 2016, ó ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé ẹni; ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ tún gbà á lẹ́yìn ọdún 10, ẹ fi èyí dá a lóhùn.

Alájàpá Máìlì 2: Ọjọ́bọ̀ náà dára. Ẹ ṣáà má jẹ́ kó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ìrọ̀lẹ́ Ẹtì àti ìrọ̀lẹ́ Àìkú ni ìlà máa ń gùn jù, oṣù Kejìlá sì wá burú ju ti gbogbo ọdún lọ.

Bàbá Dírẹ́bà: Òótọ́ lẹ sọ níbẹ̀ yẹn. Kí ẹ dé ẹnu ọ̀nà bọ́dà ní aago 6 àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, kí àwọn tírélà tó kún ojú títì. Tí íńtánẹ́ẹ̀tì wọn bá kú, gbogbo wíńdò ló máa dúró. Ẹ má padà sínú ọkọ̀ nígbà yẹn, ẹni tó bá kúrò lórí ìlà á tún un tò.

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Ọkọ̀ wa, àbúrò ọkọ mi tó wà ní Kánádà ló ni ín. Ìwé rẹ̀ pé: láísẹ́ńsì, rọ́dù-wọ́dínẹ́ẹ̀sì, ìnṣọ́ránsì. Ṣé nítorí pé kò sí nílé ni wọ́n á fi pè wá ní olè?

Bàbá Dírẹ́bà: Ẹnikẹ́ni kò pè yín lólè. Aṣọ́bodè tó máa jẹ́ kí ọkọ̀ wọlé fún ìgbà díẹ̀ fẹ́ mọ̀ pé yóò jáde ni. Kí àbúrò ọkọ yín kọ lẹ́tà àṣẹ: orúkọ ẹni tó ń wakọ̀, nọ́ḿbà pásípọ́ọ̀tù rẹ̀, nọ́ḿbà ọkọ̀, ti ẹ́ńjìnnì àti ti ṣáásí, ilẹ̀ tó ń lọ (Benin ÀTI Togo), ọjọ́ àlọ àti ọjọ́ àbọ̀. Kó fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà, kó fi ojú ewé pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ ọn. Kí ẹ̀dà Faransé wà níbẹ̀. Ẹ wo nọ́ḿbà ṣáásí lára ọkọ̀ fúnra yín, ẹ má kọ ọ́ láti inú ìwé. Nọ́ḿbà kan ṣoṣo tó bá yàtọ̀ tó láti gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ yín.

Akọ̀wé Kóòtù: Bráùn Káàdì ńkọ́?

Alájàpá Máìlì 2: Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Wọ́n ní ìnṣọ́ránsì.

Akọ̀wé Kóòtù: Ìnṣọ́ránsì Nàìjíríà, Nàìjíríà ló ń bò. Tí wọ́n bá gbá ọlọ́kadà ní Kútọnu, Bráùn Káàdì ECOWAS ló máa sanwó fún ẹni tí wọ́n gbá. Àwọn tó ta ìnṣọ́ránsì fún wọn ló máa fún wọn, tí wọ́n bá wà nínú ètò náà.

Alájàpá Máìlì 2: Tí ọkọ̀ tiwọn náà bá bàjẹ́, kò ní tún un ṣe. Ẹ sọ ìyẹn náà.

Akọ̀wé Kóòtù: Mo gbà. Ẹni tí wọ́n ṣe níjàǹbá ló wà fún.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ gba séfà wẹ́wẹ́ dání fún owó títì. Láti Kútọnu dé Hilla-Condji, bọ́dà Benin àti Togo, tó kìlómítà 100, wọn ò ní gba náírà yín lójú ọ̀nà. Séfà Benin náà ni Togo ń ná, kò sí ìyípadà owó níbẹ̀. Ní Hilla-Condji, gbogbo ohun tí ẹ ṣe ní Sẹ̀mẹ̀ lẹ ó tún ṣe: ènìyàn lọ́tọ̀, ọkọ̀ lọ́tọ̀, laissez-passer míì fún Togo. Wákàtí 1 ni aago Togo fi wà lẹ́yìn tiwa, ẹ má ṣì í kà.

Bàbá Dírẹ́bà: Nígbà àbọ̀, ẹ mú ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ yẹn wọ Nàìjíríà dání. Láti 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ gba orí ilẹ̀ wọlé, wọ́n á sì yẹ̀ yín wò láti Sẹ̀mẹ̀ títí ẹ ó fi kọjá Àgbádárìgì. Ìrẹsì òkèèrè, ẹ má rà á bọ̀, ì báà jẹ́ àpò kan o.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ìyá Ìbejì, ohun kan ń rú mi lójú. Ẹ̀yin, ọkọ yín, ìbejì méjì. Mẹ́rin nìyẹn. Ta ni ẹnì karùn-ún?

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Àwọn tó ń bínú sí mi nítorí yẹ́lò káàdì, ọ̀pọ̀ yín náà ló ṣe bẹ́ẹ̀ gba tiyín. Màá ṣe Bráùn Káàdì. Màá pe Kánádà lálẹ́ òní.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹnì karùn-ún, ìyá.

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Ọmọ tó ń bá mi tọ́jú àwọn ìbejì ni. Ọmọ ọdún 14. N kì í fìyà jẹ ẹ́ o! Ìyá kan tó ń ta ẹja ló mú un wá fún mi ní ọdún méjì sẹ́yìn. Kò ní ìwé. Mo sọ fún wọn pé ọmọ mi ni, kó lè yá. Wọ́n bi òun náà, ó ní mọ́mì òun ni mí. Wọ́n ní kó dárúkọ bàbá rẹ̀, kò fọhùn. Ọ̀kan nínú wọn wá fi Ègùn bá a sọ̀rọ̀, ó sì ń dá a lóhùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n ní kí a gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá Dírẹ́bà: Há! Wákàtí 6 yín nìyẹn. Èyí lẹ ì bá kọ́kọ́ sọ ṣáájú mọ́ínmọ́ín.

Alájàpá Máìlì 2: Ọ̀rọ̀ kékeré. Kí ọlọ́kadà gbé ọmọ náà gba ẹ̀yìn, kó pàdé yín níwájú.

Akọ̀wé Kóòtù: Alájàpá, ẹ pa ohun tí ẹ kọ yẹn rẹ́. Ohun tí wọ́n ń pè ní òwò ọmọ gan-an lẹ júwe. Òfin Benin ti 2006 kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kàn mú ọmọ tí kì í ṣe tirẹ̀ rìnrìn àjò láìsí àṣẹ ìjọba lórí ìwé. Lọ́dọ̀ wa níbí, NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti òwò ènìyàn, ti wà láti 2003 nítorí irú èyí. Ìyá Ìbejì, ọlọ́run ló yọ yín tí wọ́n fi dá yín padà lásán.

Alájàpá Máìlì 2: Mo ti pa á rẹ́. Ẹ má bínú.

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Kí n wá fi sílẹ̀ nílé nìkan? Tàbí kí n dá a padà fún ẹlẹ́ja?

Akọ̀wé Kóòtù: Ẹ má fà á lé ẹlẹ́ja lọ́wọ́, ẹlòmíì ló máa tún mú un lọ fún. Ẹ má sì fi ọkọ̀ yín gbé e kọjá bọ́dà, kódà kó jẹ́ ilé bàbá rẹ̀ lẹ ń gbé e lọ. Ẹ gba orúkọ abúlé rẹ̀ àti nọ́ḿbà òbí rẹ̀ lẹ́nu ẹlẹ́ja, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ wá mú ọmọ náà lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé ní ìjọba ìpínlẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ Benin ni, àwọn ló lè bá ìjọba ibẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n dá a padà bó ti yẹ. Kí ẹ ṣe ìyẹn ṣáájú ìgbéyàwó.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Kí ẹ sì bi òun náà léèrè ohun tó fẹ́.

Ìyá Ìbejì Ọ̀kọ́kọ́: Ẹ má bínú, mo pẹ́. Ẹlẹ́ja fún mi ní nọ́ḿbà bàbá rẹ̀ lẹ́yìn ariwo. Mo ti pè é. Ègùn nìkan ló gbọ́, ọmọ náà ló ń túmọ̀ fún mi. Bàbá ní ilé ìwé ní Àjàṣẹ́ ni wọ́n sọ fún òun pé ó wà. Kò mọ̀ pé Èkó ni. Ó ṣì wà lórí fóònù, àwọn méjèèjì ń sunkún, n kò mọ ohun tí màá sọ.

Ọmọ Àjàṣẹ́: Ẹ má pa fóònù yẹn. Mo gbọ́ Ègùn. Nọ́ḿbà mi ti wà nínú ínbọ́ọ̀sì yín, ẹ fà mí wọlé sórí ìpè náà báyìí.