Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún èèyàn nítorí ìrora iṣẹ́ abẹ ọkàn: ẹ wá sọ bó ṣe rí lára yín

Bàbá Rẹ̀mí
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ̀yin tí wọ́n ti la àyà yín rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí i. Ní tèmi, iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn mi ló dí, wọ́n wá yọ òmíràn lẹ́sẹ̀ mi láti fi la ọ̀nà tuntun fún ẹ̀jẹ̀. Kí wọ́n tó gbé mi wọlé, dókítà tó ń kun èèyàn lóorun wá bá mi. Ó fi ìka tẹ ẹ̀gbẹ́ egungun àárín àyà mi lọ́tùn-ún lósì, ó ní ibẹ̀ lòun máa gún tí mo bá ti sùn, torí ibẹ̀ làwọn iṣan tó ń gbé ìrora egungun náà lọ sí ọpọlọ ń gbà kọjá.

Mo jí, àyà mi ti kú tipiri, bíi pé ti ẹlòmíì ni. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ki rọ́bà bọ̀ láti máa fa ẹ̀jẹ̀ jáde, lókè ikùn níbẹ̀ yẹn, háà! Mi ò lè mí kanlẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ò gbẹ́yìn. Mo pe nọ́ọ̀sì, ó ní, "Bàbá, àyà ni wọ́n rán abẹ́rẹ́ yẹn, wọn ò rán an sí ikùn."

Àdùkẹ́
Ẹ kú ewu, sà. Màmá mi ni wọ́n ṣe tiwọn fún, fáàfù ọkàn wọn ni wọ́n pààrọ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti gún wọn, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ tí ropivacaine, oògùn tó ń mú kí ara kú, ń gbà wọlé díẹ̀díẹ̀. Màmá ráhùn nítorí rọ́bà yẹn títí, àmọ́ ojú wọn dá. Nígbà iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ti ṣe fún wọn tẹ́lẹ̀, morphine, oògùn ìrora tó lágbára, ni wọ́n ń fún wọn ṣáá, wọ́n kàn ń tòògbé ni, ìgbẹ́ ò sì wá. Lọ́tẹ̀ yìí, orí àga ni mo bá wọn, wọ́n ń bá nọ́ọ̀sì jà pé omi tí wọ́n ń wọ̀n fún àwọn ti kéré jù.

Ohun kan já mi láyà ṣá o. Wọ́n ń bi wọ́n léraléra pé: "Ṣé etí yín ń hó? Ṣé ètè yín ń kú? Ṣé ẹnu yín ń ṣe bí ẹni lá irin?" Kí nìdí?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Wọ́n ń wò ó bóyá oògùn náà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Kì í wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n tó bá le, ó lè fa gìrì, ó sì lè da lílù ọkàn rú. Oògùn ọlọ́ràá kan wà tí a máa ń fà sí aláìsàn lára bó bá ṣẹlẹ̀.

Ti ẹ̀yìn yẹn ò tíì pẹ́ láyé: ọdún 2016 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Forero àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀. Epidural, ìyẹn abẹ́rẹ́ tó ń wọlé jìn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, tí wọ́n ń fún aboyún tó ń rọbí, ti wà tipẹ́, àmọ́ a máa ń lo heparin níṣẹ́ abẹ ọkàn kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì nínú ẹ̀rọ tó ń bá ọkàn ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá ń dà lábẹ́ ibi tí wọ́n gún, tó sì tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ lè rọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sá fún epidural níṣẹ́ abẹ ọkàn.

Bàbá, iṣan tó ń gba ibi rọ́bà yín yàtọ̀. Àwọn kan máa ń gún ibẹ̀ náà, ẹ lè béèrè kí wọ́n tó la èèyàn. Ohun tó ń bí mi nínú lóru ni ti aláìsàn tó ní ara òun ti dá, tó kọ paracetamol. Abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábà lo ọjọ́ kan gbáko. Ó di òru, oògùn tán lára, ariwo ta. Ẹ gbé e mì kí ìrora tó dé o jàre.

Àkàndé
Tèmi ò dọ́gba. Ọ̀tún kú, òsì ń jó mi. Dókítà ní torí iṣan ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yọ lẹ́yìn egungun àyà lósì ni, oògùn ò ráyè tàn kálẹ̀. Bí ikọ́ bá ti dé, màá di ìrọ̀rí mọ́ àyà pinpin. Morphine ló gbà mí sílẹ̀.

Bàbá Rẹ̀mí
Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun. Mo ti dé ilé, egungun náà ṣì máa ń ro mí tí mo bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àbúrò mi ra ibuprofen wá, ó ní ó ju paracetamol lọ.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́
Ẹ má fọwọ́ kàn án, sà! A kì í fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ abẹ yín ní ibuprofen, ó lè fa kí ọkàn dáṣẹ́ sílẹ̀ tàbí kó fa rọpárọsẹ̀. Ẹ pe dókítà yín lónìí, ẹ sọ bí ìrora náà ṣe ń ṣe yín gan-an fún un. Bí egungun náà bá sì ń dún kẹ́kẹ́ tí ẹ bá wúkọ́, tàbí tí ojú ọgbẹ́ ń tú omi, ẹ má pè mọ́, ẹ lọ bá a.