Ọ̀kadà mi ń wúkọ́ tó bá ti gbóná

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Ọ̀kadà 100cc ni mo fi ń kó èrò láti Ọ̀fà lọ sí Àjàṣẹ́-Ìpo. Láàárọ̀, kò níṣòro. Tó bá ti rìn tó ìṣẹ́jú 20, tó gbóná, á bẹ̀rẹ̀ sí í dún "pọ̀ọ́, pọ̀ọ́" látinú sàléńsà, pàápàá tí mo bá ń gun òkè. Kó tutù díẹ̀, ara rẹ̀ á tún yá. Mo ti fọ kabúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí i. Tuntun ọ̀hún náà ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Mẹkáníìkì kan ní ká tú ẹ́ńjìnnì, ọkàn mi ò gbà á. Àbí kọ́ìlì, tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ló bàjẹ́? Báwo ni mo ṣe lè yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó náwó? Ọ̀kadà yìí ni mo fi ń bọ́ àwọn ọmọ.