Àgbà àti ọ̀dọ́ lórí ìtàgé jáásì: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Oníkan:
Mo kí gbogbo ilé o. Ọjọ́ Jáásì Àgbáyé, èyí tí àjọ UNESCO yà sọ́tọ̀ ní ọdún 2011 pé kí ó máa bọ́ sí ọjọ́ 30 oṣù kẹrin, ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àwọn tó ń ṣètò ayẹyẹ rẹ̀ l'Ékòó sì ti ń lẹ ìwé káàkiri: orúkọ àwọn àgbà olórin wà lókè gàdàgbà, ti àwọn ọ̀dọ́ wà nísàlẹ̀, ó rí kéékèèké bí èèrà. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ rí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni àgbà àti ọ̀dọ́ jọ máa ń ṣeré, àbí bí àwọn kan ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ ni àwọn mìíràn ń gòkè?

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
Freedom Park ni tèmi ti ṣẹlẹ̀, nínú ọgbà tó jẹ́ ẹ̀wọ̀n Broad Street nígbà ayé àwọn òyìnbó. Bàbá onísasofóònù kan wà lórí ìtàgé, tí yóò ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àdìrẹ ló wọ̀, bàtà rẹ̀ sì ń dán. Ó fẹ fèrè títí, ó mú un kúrò lẹ́nu, ó fi áńkáṣíìfù nu ètè, ó sì nawọ́ sí ọmọbìnrin kan tó dúró sẹ́yìn onílù. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí pín orin náà mọ́ra wọn lọ́wọ́: bàbá á fẹ ẹsẹ mẹ́rin, ọmọ á fẹ ẹsẹ mẹ́rin. Lákọ̀ọ́kọ́, ohun tí bàbá fẹ ni ọmọ náà kàn ń tún fẹ. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, bàbá ò fẹ nǹkan kan; ó ń fi ẹsẹ̀ lu ilẹ̀, ó fi àyè tirẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó sì ń wo ọmọ náà. Ọmọ náà ṣiyèméjì díẹ̀ kí ó tó wọlé, ṣùgbọ́n ohun tó fẹ nígbà tó wọlé, mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Kí n má parọ́ fún yín, ọwọ́ mi ti dé inú pọ́ọ̀sì kí n tó mọ̀. Mo gòkè lọ bá wọn, mo lẹ owó mọ́ ọmọ níwájú orí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàbá náà. Ojú tí àwọn èèyàn fi ń wò mí, ẹ ó rò pé mo jí ẹran ni.

Dókítà Jìtá:
Owó níwájú orí olórin jáásì! Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí o.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì:
Màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ ṣẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ń fẹ jáásì láìwo ìwé ń ronú ohun tó kàn bó ti ń fẹ èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ́wọ́, bébà tí ẹ bá sì lẹ̀ mọ́ òógùn iwájú orí rẹ̀ lè mú kí ọkàn rẹ̀ fò lọ. Yàtọ̀ sí èyí, òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 sọ pé ẹni tó bá ń ná owó báyìí lè fi ẹ̀wọ̀n tí kò ní dín ní oṣù mẹ́fà gbára, tàbí kí ó san owó ìtanràn tí kò ní dín ní ₦50,000. Inú ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ni ẹ wá lọ dán an wò!

Ọmọ Àyàn:
Bàbá Akọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n fèsì o. Nílé tí wọ́n ti bí mi, onílù tí kò rí owó níwájú orí ò mọ̀ bóyá wọ́n gbọ́ òun. Ṣebí àwọn olùgbọ́ jáásì náà máa ń pàtẹ́wọ́ láàárín orin nígbà tí ẹnìkan bá dá fẹ tirẹ̀ tán? Kí ni àtẹ́wọ́ ṣe tí owó ò lè ṣe? Àwọn àgbà tí wọ́n ń pọ́n lé yìí, ilé ijó ni púpọ̀ nínú wọn ti jáde. Fẹlá pàápàá, nígbà tó ń darí Koola Lobitos, ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́, orin háíláìfù tó pò mọ́ jáásì ló ń ṣe, àwọn èèyàn sì ń jó sí i.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì:
Ilé ijó yàtọ̀ sí gbọ̀ngàn ìgbọ́rin. Ẹ lọ jókòó ní Agip Recital Hall, gbọ̀ngàn ìgbọ́rin tó wà ní ilé MUSON l'Ékòó, kí ẹ ṣí ọ̀rá súìtì kan ṣoṣo nígbà tí onídùùrù ń rọra tẹ̀ ẹ́, kí ẹ wá wo iye orí tí yóò yí wò yín. Mo ti ṣe é rí, mi ò sì ní ṣe é mọ́.

Dókítà Jìtá:
Súìtì wo ni, bàbá?

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì:
Tòmútòmú.

Ará Peckham:
Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, oṣù kọkànlá ni ayẹyẹ jáásì tó tóbi jù máa ń wáyé, ẹ ó sì rí àwọn ọmọ wa níbẹ̀ dáadáa. Láti ọdún 1991 ni àjọ kan tó ń jẹ́ Tomorrow's Warriors ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní jáásì. Ibẹ̀ ni àwọn Ezra Collective ti pàdé, ẹgbẹ́ tí Femi Koleoso àti àbúrò rẹ̀ TJ wà nínú rẹ̀, tí wọ́n gba Mercury, àmì ẹ̀yẹ rẹ́kọ́ọ̀dù tó dára jù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2023, tí ẹgbẹ́ jáásì kankan ò gbà rí ṣáájú wọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi kéré sí ìyẹn. Mo mú bàbá mi, tó jẹ́ pé Fújì nìkan ló ń gbọ́, lọ sí gbọ̀ngàn kékeré kan níbi tí ọ̀dọ́ kan ti ń lu ìlù. Bàbá mi ń tòògbé tẹ́lẹ̀. Ṣàdédé ni wọ́n dìde jókòó, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní ìlù Tony?"

Dókítà Jìtá:
Ìlù Tony Allen, onílù Fẹlá, ò ṣeé fi pamọ́. Ọjọ́ 30 oṣù kẹrin ọdún 2020 ló kú sí Paris, ìyẹn ni pé Ọjọ́ Jáásì gan-an ló lọ. Art Blakey, onílù jáásì ará Amẹ́ríkà, ló ń gbọ́ nígbà èwe, nígbà tó sì di ọdún 2017 ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù kan láti fi yẹ́ ẹ sí. Òun náà ti fi ìgbà kan jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń wo àgbà lẹ́nu.

Ọmọ Àyàn:
Níbo ni Blakey fúnra rẹ̀ ti rí i? Ọ̀dọ̀ wa ni.

Dókítà Jìtá:
Ẹ rọra o, gbogbo ìlù kọ́ ló ti Ọ̀yọ́ wá.

Ọmọ Àyàn:
Mi ò dárúkọ Ọ̀yọ́. Ẹ wo Babatunde Olatunji onílù, ọmọ Ajídò lẹ́bàá Àgbádárìgì. Ilé àṣà tó dá sílẹ̀ ní Harlem, ní New York, ni John Coltrane, gbajúmọ̀ onísasofóònù ará Amẹ́ríkà, ti ṣeré ní oṣù kẹrin ọdún 1967, eré tó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù keje, Coltrane ti kú.

Ọmọ Onífèrè:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan nínú àwọn tí orúkọ wọn rí bí èèrà sọ̀rọ̀. Níbi ayẹyẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní ká bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, oòrùn ṣì mú, àga òfìfo ló wà níwájú wa. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n tí wọ́n ṣèlérí di méjìlá, owó ọkọ̀ tí wọ́n ní wọn yóò san ò sì wọlé títí di òní. Ẹnìkan ṣoṣo ló jókòó síwájú: àgbà onífèrè tí yóò ṣeré ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ó gbọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, kò yìn mí, ó ní, "O ń mí ní èjìká. Ikùn ni kí o ti máa mí." Ọdún kejì nìyí tí mo ti ń fi ikùn mí. Ní ti owó tí ẹ ń jà lé lórí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tètè dé ní aago mẹ́rin, kí ẹ wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ wa.

Ará Oníkan:
Àbúrò, mo ti gbọ́ ìdáhùn mi. Ìyá Ìbejì, owó tiyín yẹn dà?

Ìyá Ìbejì Súrùlérè:
Mo ti mọ̀ pé ẹ máa bi mí. Ti ọmọ náà bọ́ sílẹ̀, onílù bá a ṣà á. Ti bàbá náà, ₦200 kan yọ̀ níwájú orí rẹ̀, ó sì já sínú ihò ńlá tí ohùn fèrè ń gbà jáde. Nígbà tó wá fẹ ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, fèrè náà ń há bí ẹni tó ní ikọ́. Bàbá dúró, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ owó náà, ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi í sínú àpótí fèrè ọmọbìnrin yẹn.

Akọ̀wé Fẹ̀yìntì:
Ẹ ti rí i báyìí? Ṣebí mo sọ ọ́.